Ejìká Másítà

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kejì ọdún, ọwọ́ ọ̀tún Cornelius Ọmọ́tọ́ṣọ́ kọ̀ fún un níwájú ẹgbẹ́ akọrin. Másítà akọrin ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kan ní Iléṣà, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sì rèé tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó gbé ọwọ́ sókè kí àwọn obìnrin lè wọlé sínú orin, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ náà tó ga dé ọ̀gangan ojú rẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé ẹnìkan ki ìṣó gbígbóná bọ̀ ọ́ léjìká. Ọwọ́ já wálẹ̀. Ogójì akọrin dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n rò pé ó ní kí àwọn dákẹ́ ni. Ó tún un gbé, ó tún já. Ló bá ní òun yóò fi ọwọ́ òsì darí orin náà. Àwọn tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti mọ́ lára láti ọjọ́ pípẹ́ wá dààmú: àwọn ọkùnrin wọlé nígbà tó kan àwọn obìnrin, ẹni tó ń tẹ dùùrù dá ọwọ́ dúró, ó ń wo Másítà lójú. Ẹ̀rín sọ láti ìlà ẹ̀yìn. Cornelius náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìntì, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ orin. Àwọn ará ìjọ kì í pe orúkọ rẹ̀, tọmọdé tàgbà ló ń pè é ní Másítà. Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì tà. Ẹ̀yìn ilé wọn ni ilé búrẹ́dì náà wà, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí pálọ̀ tí Cornelius ti máa ń jókòó kọ orin sílẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà kò lè bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì lọ́rùn ara rẹ̀. Àtọ́kẹ́ ló bá a bọ́ ọ.

Ní Iléṣà, bí ejìká bá ń dun èèyàn, kò sí ẹni tí kò ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n fún un ní ìpara tó ń ta bí ata, ó fi para. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ìrora náà sùn fún ọjọ́ mẹ́rin, ó jí. Ẹnìkan mú un lọ bá ọkùnrin kan nítòsí Ìwàràjà tó máa ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ọkùnrin náà da omi gbígbóná sí i, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ apá rẹ̀ títí tí ojú Cornelius fi ṣú. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, apá náà wú. Àtọ́kẹ́ fúnra rẹ̀ kò sinmi. Lálaalẹ́ ni yóò bu òrí sọ́wọ́, tí yóò máa fi ra apá ọkọ rẹ̀ láti ejìká dé ìgbọ̀nwọ́. Òkè apá, lápá ìta, ni Cornelius ti ń gbọ́ ìrora, nítorí náà ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá dáwọ́ lé e ń tẹ̀. Ara á tù ú díẹ̀ nítorí pé ọwọ́ Àtọ́kẹ́ gbóná, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tó fẹ́ na ọwọ́ mú síbí lórí pẹpẹ, ibi tó wà ló wà.

Oṣù mẹ́fà ló fi rí bẹ́ẹ̀. Bọ̀wálé, igbákejì rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ló ń darí akọrin, ó sì ń ṣe dáadáa. Ohun tó ń jẹ Cornelius lọ́kàn ni ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù kọkànlá. Ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ akọrin yóò pé àádọ́ta ọdún, òun sì ti kọ orin ńlá kan sílẹ̀ fún un, orin alóhùn mẹ́rin tó fi ọdún kan gbáko ronú sí. Nígbà tí oṣù kẹjọ bẹ̀rẹ̀, ó kó ìwé orin náà fún Bọ̀wálé, ó ní kó máa múra láti darí rẹ̀. Nígbà tó délé, kò jẹun.

Àtọ́kẹ́ rí i pé kò jẹun. Ó pe àbúrò rẹ̀, Ifáwùmí, tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná ní Òṣogbo. Ọmọ Òṣogbo ni Àtọ́kẹ́, nílé Fálẹ́yìmú, ilé tí wọ́n ti ń bọ Ọ̀ṣun láti ayébáyé. Ìgbà tó fẹ́ Cornelius ló di ọmọ ìjọ. Ifáwùmí sọ fún un pé ejìká òun náà kọṣẹ́ lọ́dún tó kọjá nítorí iṣẹ́ òrùlé tí òun ń gbé ọwọ́ sókè ṣe, pé físíò kan, onímọ̀ ìtọ́jú iṣan àti egungun, ní Alékúwodò ló tọ́jú òun. Ó ní kì í lo abẹ́rẹ́, ọwọ́ ló ń lò, Kàósárà lorúkọ rẹ̀. Cornelius béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé kò ju ọgbọ̀n ọdún lọ púpọ̀, ó ní àwọn àgbà ti tẹ ejìká òun títí, kí ni ọmọdé fẹ́ rí níbẹ̀? Àtọ́kẹ́ kò bá a jiyàn. Ó ki ìgò òrí bọ inú báàgì, ó ní mọ́tò kìíní làwọn yóò wọ̀ lọ́la.

Òkè ilé kan tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà ni yàrá Kàósárà wà. Arẹwà obìnrin kékeré ni, ó wé híjáàbù rẹ̀ sẹ́yìn dáadáa kó má bàa dí i lọ́wọ́. Kò fọwọ́ kan ejìká Cornelius fún ìgbà pípẹ́. Ó kọ́kọ́ béèrè ohun tó fẹ́ fi ọwọ́ náà ṣe. Cornelius rò pé ìbéèrè àrà ni. Ó ní òun fẹ́ darí orin. Kàósárà ní kó fi ọwọ́ òsì ṣe é kí òun rí i. Ó ṣe é, Kàósárà sì ń wò ó bí ẹni pé òun náà fẹ́ kọrin. Lẹ́yìn náà ló wá ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún lọ síwájú, kó gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó ti ọwọ́ òun sọ́tùn-ún, kó tì í sósì. Ó sọ fún un pé okùn iṣan mẹ́rin ló di orí egungun apá mú sínú ejìká, pé kò sí èyí tó já nínú wọn, méjì ló bínú.

"Bàbá," ó ní, "ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún yín sẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ yọ nǹkan nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò."

Cornelius wo ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ejìká ló ń dùn mí o, kì í ṣe ìbàdí."

Kàósárà rẹ́rìn-ín, kò sì kánjú. Ó mú okùn bàtà kan, ó tẹ́ ẹ sórí ìjókòó kékeré, ó wá fi pátákó pẹlẹbẹ bò ó. Ó ní kí Cornelius fi ìka tẹ okùn náà. Orí pátákó ni ìka rẹ̀ bọ́ sí. Kàósárà wá fa okùn náà díẹ̀ síwájú títí tí orí rẹ̀ fi yọ lábẹ́ pátákó.

"Egungun kan wà lókè ejìká tó dà bí òrùlé," ó ní. "Abẹ́ rẹ̀ ni okùn yìí sá sí. Bí ọwọ́ yín bá wà lórí itan báyìí, kódà bí wọ́n bá fi ọmọrí odó tẹ̀ yín, orí òrùlé ni wọ́n ń tẹ̀. Àmọ́ bí ọwọ́ bá lọ sẹ́yìn, okùn náà á yọ síwájú, síta. Ìgbà yẹn ni mo tó lè débẹ̀. Ibi tó ń dùn yín lápá kọ́ ni ibi tó ń ṣe yín."

Cornelius tún fi ìka tẹ okùn náà wò. Tíṣà ni òun náà, ó mọ ẹ̀kọ́ tó bá yéni.

Kàósárà ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé orí bẹ́ẹ̀dì náà sókè dé ìdajì kó má bàa sùn tán, kó má sì jókòó tán. Ó fi ìrọ̀rí ti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ọwọ́ sì wà lẹ́yìn. Àtọ́kẹ́ yára yọ ìgò òrí jáde nínú báàgì. Kàósárà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó dá a padà. Ó ní bí òróró bá wà níbẹ̀, ìka á máa yọ̀ lórí awọ lásán. Ìka àti awọ ní láti jọ rìn kí agbára náà tó dé ìsàlẹ̀. Ó wá gbé ìka ìlábẹ̀ ka iwájú ejìká, ó fi ìka àárín lé e lórí, ó ń wá nǹkan. Lójijì ló dúró.

Cornelius mí sínú. Òun gan-an nìyẹn. Látìgbà tí ejìká ti ń dùn ún, kò sí ẹni tó tíì fọwọ́ kan ojú ibẹ̀ rí. Ìrora náà mú un débi pé èdè Ìjẹ̀ṣà bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ "ulé". Kàósárà ní kó fún òun ní ìṣẹ́jú méjì. Kì í fa ìka náà lọ gígùn tẹ̀lé okùn iṣan, ńṣe ló ń gbé e kọjá lórí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, bí ẹni ń fi ìka kan okùn gìtá wò. Ìyẹn dùn mọ́ Cornelius nínú, ó sì gbàgbé láti bínú. Kí ìṣẹ́jú kẹta tó pé, ibi tó ń ta tẹ́lẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko ló fi ṣe ti iwájú. Ó wá ní kó yí padà, kó dojú bolẹ̀, kó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì gbé àyà sókè, kó sì na ọwọ́ ọ̀tún di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Ó ní okùn kejì wà lẹ́yìn ejìká, kò sí ọ̀nà mìíràn tó fi ń yọjú. Bàbá àgbàlagbà wá gbé ìgbọ̀nwọ́ lé bẹ́ẹ̀dì bí ọmọdé tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Àtọ́kẹ́ gbìyànjú láti mú ẹ̀rín mọ́ra, kò lè mú un mọ́ra. Cornelius gbọ́ ọ, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Kàósárà sì ní kí wọ́n dúró ná, pé ejìká ń mì.

Nígbà tó dìde, Kàósárà ní kó gbé ọwọ́ sókè. Ó gbé e, ó kọjá àyà, ó dé ọ̀gangan etí. Ó tún ta á níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù kejì, kò tíì dé etí rí. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Kàósárà kò jẹ́ kí inú wọn dùn jù. Ó ní yóò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọjọ́ kan ṣíṣe ọjọ́ kan ìsinmi, àti pé eré ìdárayá wà tí yóò máa ṣe. Láti Iléṣà sí Òṣogbo ní gbogbo ọjọ́ ìtọ́jú kò rọrùn fún ẹni tó ti fẹ̀yìntì. Ó yíjú sí Àtọ́kẹ́, ó ní kó na ìka rẹ̀ kí òun rí i. Ó tẹ̀ wọ́n wò, ó béèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọgbọ̀n ọdún tí Àtọ́kẹ́ ti ń po ìyẹ̀fun wà nínú ìka wọ̀nyẹn. Kàósárà jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní kí Àtọ́kẹ́ wá okùn iṣan náà ní ejìká òun. Ó wá a títí, ó bọ́ sórí egungun lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹta ó rí i.

"Ẹ rọra, Mà," Kàósárà ní. "Ẹ ṣe é bí ìgbà tí ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá búrẹ́dì ti jinná."

Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ Àtọ́kẹ́ bọ́ sípò. Àdéhùn wọn ni pé Àtọ́kẹ́ yóò máa ṣe é nílé, wọn yóò sì máa wá sí Òṣogbo lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí Kàósárà lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ nílé kò lọ dáadáa. Orí àga tí wọ́n fi ń jẹun, àga tí ẹ̀yìn rẹ̀ le gbagidi, ni Àtọ́kẹ́ gbé ọkọ rẹ̀ kà. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, àmọ́ bí ìka bá ti súnmọ́ ọn, ejìká rẹ̀ á gùn lọ sókè bá etí, gbogbo ibẹ̀ á le bí igi. Àtọ́kẹ́ kò rí okùn kankan. Ó wá a síwájú, ó wá a sẹ́gbẹ̀ẹ́, Cornelius jágbe mọ́ ọn pé ṣé ó fẹ́ pa òun ni. Àtọ́kẹ́ yọ ọwọ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sídìí búrẹ́dì rẹ̀. Wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láàárọ̀, ó pe Kàósárà lórí fóònù. Kàósárà béèrè ohun tí Bàbá jókòó lé. Nígbà tó gbọ́, ó ní àga yẹn ló fà á: bí ẹ̀yìn àti ọrùn kò bá rí ibi sinmi lé, ejìká ló máa ń gbé gbogbo ara. Kó wá àga tó rọ̀gbọ̀kú, kó fi ìrọ̀rí tì í. Ó wá fi kún un pé ejìká ẹni tó ń bẹ̀rù kì í wálẹ̀, kó wá nǹkan fún ọkàn Bàbá láti máa ṣe.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Àtọ́kẹ́ kó ìrọ̀rí mẹ́ta sórí àga ìnàyìn tó wà ní pálọ̀. Cornelius jókòó, ó fẹ̀yìn tì, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn láìjanpata, nítorí ojú ń tì í fún igbe àná. Iná ti lọ, fóònù àwọn méjèèjì ti kú, kò sì sí ohun tí wọn yóò fi ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Cornelius ní òun mọ ohun tí àwọn yóò lò. Orin tí òun kọ fún àádọ́ta ọdún akọrin, bí wọ́n bá kọ ọ́ látòkèdélẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹ̀ẹ̀mejì á pé mẹ́wàá.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohùn kẹta, èyí tó jẹ́ ti àwọn ọkùnrin tó lóhùn tín-ínrín. Bó ṣe ń mí fún orin, ejìká rẹ̀ ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìka Àtọ́kẹ́ bọ́ sórí okùn náà gẹ́lẹ́. Ó ń gbé e kọjá lórí rẹ̀, síbí, sọ́hùn-ún, orin náà sì ń bá ìka lọ. Nígbà tí wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n dé ibì kan tí ohùn kẹta ti máa ń dákẹ́, tí ohùn kejì àwọn obìnrin á sì dá kọ ìlà mẹ́rin. Cornelius dákẹ́ níbẹ̀, ó ń fi orí ka àkókò.

Àtọ́kẹ́ kọ ọ́.

Kò gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohùn náà ṣáà jáde, ó rẹlẹ̀, ó kún, ó dúró lórí gbogbo ẹsẹ̀ orin náà láìyẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún Cornelius fẹ́ dìde láti darí rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo ẹni tó bá kọrin níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ọwọ́ náà wà, ìka sì wà lórí okùn iṣan rẹ̀. Kò lè ṣe nǹkan kan ju kó gbọ́ lọ. Ó gbọ́. Nígbà tó kan ohùn kẹta láti wọlé padà, kò wọlé.

"Àtọ́kẹ́," ó ní, "níbo lo ti kọ́ eléyìí?"

"Láti ojú fèrèsé ilé búrẹ́dì," ni Àtọ́kẹ́ dáhùn. "Ọdún kan lẹ fi kọ ọ́. Etí mi kò dí."

Ohun kan náà ló wà lọ́kàn àwọn méjèèjì. Ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, Àtọ́kẹ́ wá síwájú ẹgbẹ́ akọrin pé òun fẹ́ dara pọ̀. Wọ́n ní kó kọrin. Ó kọ ọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n kọ, bí àwọn obìnrin ilé wọn ti ń kọrin létí odò, pẹ̀lú gbogbo àyà. Cornelius, tó ń tijú pé ìyàwó òun ni, sọ lójú gbogbo wọn pé ohùn odò nìyí, kì í ṣe ohùn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Àtọ́kẹ́ kì í kọrin níbi tí ọkọ rẹ̀ bá wà. Bí ìjọ bá dìde láti kọrin, á ṣí ìwé, á máa mi ètè lásán. Cornelius ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà fún ọdún púpọ̀, tàbí kó jẹ́ pé ó fẹ́ràn láti rò pé òun ti gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ kan, wọ́n tún jókòó. Àtọ́kẹ́ kò kọrin lọ́jọ́ yẹn, Cornelius náà kò kọ ọ́. Ó wà lórí ìrọ̀rí, ọwọ́ lẹ́yìn, ó ń wo àjà.

"Ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí níwájú akọrin," ó ní, "kò dáa. Ohùn rẹ kò ní àbùkù kankan. Èmi ni mi ò mọ ohun tí mò ń gbọ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ìka Àtọ́kẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ dẹ ejìká yín, Bàbá Ìlérí," ó ní. "Ẹ ti tún ń gbé e sókè."

Cornelius dẹ ejìká. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Àtọ́kẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin náà fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì wọlé sí ààyè tirẹ̀.

Láti ìgbà náà, orin ni wọ́n fi ń ka àkókò. Bí wọ́n bá ń ṣe ti iwájú ejìká, wọ́n á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí Cornelius bá dojú bolẹ̀ fún ti ẹ̀yìn, wọ́n á tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin kì í dùn ún kọ nígbà tí àgbọ̀n rẹ̀ bá kọjú sí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn obìnrin tó wá ra búrẹ́dì nírọ̀lẹ́ á dúró lẹ́yìnkùlé, wọ́n á máa gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn béèrè lọ́wọ́ Àtọ́kẹ́ bóyá ìpàdé àdúrà ni wọ́n ń ṣe. Àtọ́kẹ́ ní ejìká ni wọ́n ń tọ́jú. Obìnrin náà kò gbà á gbọ́.

Nínú oṣù kẹsàn-án, Cornelius bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Nínú oṣù kẹwàá, ó gbé ọwọ́ kọjá orí ní yàrá Kàósárà, tí ìrora náà kò ju bí èèrà ṣe ń ta ni lọ. Kàósárà ní kí wọ́n máa dín ìfọwọ́tẹ̀ náà kù, kó wá máa fi okùn rọ́bà kọ́ ejìká náà lágbára. Ó gbà fún un láti darí orin, àmọ́ kó má ṣe gbé ọwọ́ sókè pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láìsinmi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, ó tẹ ìka wá okùn náà fún ìgbà ìkẹyìn, ó ní bí òun bá ní ọmọ iṣẹ́ tí ìka rẹ̀ dà bíi ti Màmá, òun yóò lè máa jẹun ọ̀sán lásìkò.

Ní ọ̀sẹ̀ náà ni Cornelius bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó wá sínú ẹgbẹ́ akọrin. Àtọ́kẹ́ ní òun kò fẹ́ wọlé torí pé òun jẹ́ ìyàwó Másítà. Bí Bọ̀wálé bá dán òun wò bí wọ́n ṣe ń dán gbogbo èèyàn wò, tó sì ní òun yẹ, òun á wá. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Cornelius dúró síta lábẹ́ igi, ó ń rìn síwá sẹ́yìn bí ọkọ tí aya rẹ̀ wà ní yàrá ìbímọ. Ó gbọ́ dùùrù. Ó gbọ́ ohùn Àtọ́kẹ́ tó gba ojú fèrèsé jáde. Ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí àwọn obìnrin ohùn kejì bú sí ayọ̀. Bọ̀wálé yọjú síta, ó ní, "Ẹ̀yin Másítà, ẹ ti fi èyí pa mọ́ jù."

Ọjọ́ Ìsinmi ayẹyẹ náà pé. Ifáwùmí wá láti Òṣogbo, ó sì gbé Kàósárà dání. Ibi ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n fẹ́ jókòó sí, àwọn ìyá ìjọ kò gbà, wọ́n mú wọn wá sí iwájú. Bọ̀wálé ló darí àwọn orin àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe jọ ṣètò rẹ̀. Nígbà tó kan orin ńlá náà, Cornelius dìde nínú aṣọ dúdú rẹ̀, ó rìn lọ síwájú. Gbogbo àwọn tó mọ bí ọdún náà ti rí fún un ń wo ejìká rẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ náà lọ sókè jẹ́ẹ́jẹ́, ó kọjá àyà, ó kọjá ojú, ó dúró sí ibi tó fẹ́ kó dúró sí. Ogójì ó lé ẹyọ kan akọrin mí sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jẹ́ kí ọwọ́ wálẹ̀, orin sì bú jáde. Ó darí àwọn obìnrin, ó darí àwọn ọkùnrin, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó ń pín nǹkan fún èèyàn púpọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìlà mẹ́rin tí ohùn kejì ti ń dá kọ, ó kọjú sí ọ̀dọ̀ wọn. Àtọ́kẹ́ wà ní ìlà kejì nínú aṣọ akọrin tuntun. Cornelius rọ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó kàn dúró, ó ń gbọ́ wọn. Wọn kò yẹ̀. Àwọn tó jókòó níwájú sọ pé omi wà lójú Másítà, àmọ́ òun ní òógùn ni.

Lẹ́yìn ìsìn, oúnjẹ wà lábẹ́ àtíbàbà, Kàósárà kò sì rí àyè jẹ tirẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ ti yí i ká, ẹnìkan ní ejìká, òmíràn ní orúnkún, bàbá kan tilẹ̀ ti fi ọwọ́ sẹ́yìn kí wọ́n tó sọ fún un. Ó fún wọn ní àdírẹ́sì Alékúwodò, Ifáwùmí sì dá a nídè.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí Cornelius àti Àtọ́kẹ́ bọ́ bàtà ní pálọ̀, fóònù dún. Ìléríolúwa ni, ọmọ wọn kan ṣoṣo, nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́. Iṣẹ́ kò jẹ́ kó lè wá, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti fi fídíò ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, òun fẹ́ mọ obìnrin tó wà ní ìlà kejì, tó wé gèlè bíi ti Màámi.

"Ìyá rẹ ni," Cornelius ní.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ìléríolúwa, kò tíì gbọ́ orin lẹ́nu ìyá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì rí láyé rẹ̀. Ó ní kí Màámi kọ díẹ̀ fún òun níbẹ̀. Àtọ́kẹ́ ní ó ti rẹ òun, kó jẹ́ kó di ọ̀la. Ìléríolúwa kò gbà. Àtọ́kẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó jókòó sórí àga, ó sì kọrin fún ọmọ rẹ̀.